Jókòó Sílé Bàbá Rẹ Ká Wò Ó

Àsàláámù àlékúmù, ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn. Ọpẹ́ ni ti Ọlọ́hun, ìkẹ́ àti ọ̀là Rẹ̀ kó máa bá Ànọ́bì wa Muhammad.

Inú ń bí mi lọ́sẹ̀ yìí. Wọ́n ti lẹ fọ́tò àwọn tó fẹ́ dupò aṣòfin ìpínlẹ̀ mọ́ ògiri mọ́sáláṣí, àwa àfáà sì ti ń fìjà du ẹni tí yóò kọ́kọ́ ṣàdúà fún wọn. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ hádíìsì kan, ó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhari àti ti Muslim, Abu Humayd As-Sa'idi, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànọ́bì, ló sọ ọ́.

Ànọ́bì rán ọkùnrin kan, Ibn al-Lutbiyya, pé kó lọ gba sàká lọ́wọ́ àwọn ẹ̀yà Banu Sulaym. Ó lọ, ó gbà á, ó dé. Nígbà tó fẹ́ jábọ̀, ó ya ẹrù sọ́tọ̀ọ̀tọ̀: "Èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta mí lọ́rẹ." Ẹ kíyè sí i, kò fi nǹkan kan pamọ́, gbangba ló sọ ọ́! Síbẹ̀ Ànọ́bì gun mínbárì, ó yin Ọlọ́hun, ó ní kí ló dé tí kò jókòó sílé bàbá rẹ̀ tàbí ilé ìyá rẹ̀, kó wò ó bóyá ẹnì kan yóò gbé ẹ̀bùn wá bá a? Ó búra pé ohun tó bá gbà lọ́nà bẹ́ẹ̀, ọrùn ni yóò fi gbé e wá lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀: ràkúnmí á máa ké, màlúù á máa ké, àgùntàn á máa ké. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè títí wọ́n fi rí funfun abíyá rẹ̀: "Ọlọ́hun, ṣé mo ti jíṣẹ́?"

Ọnọ́rébù, òfin fún ọ lágbára láti yẹ ìṣúná gómìnà wò, kí o sì wádìí bí iléeṣẹ́ ìjọba ṣe ń náwó. O lọ bẹ iṣẹ́ wò, o ti ibẹ̀ gba àpòòwé bọ̀. Kí ló mú ọ yàtọ̀ sí Ibn al-Lutbiyya? Àga ni wọ́n fún, wọn ò mọ̀ ọ́ rí tẹ́lẹ̀. Má sì sọ pé o pín ọ̀kadà àti ẹ̀rọ ìránṣọ tí fọ́tò rẹ wà lára wọn. Owó ta ni?

Ọdún 4 ni òfin fún àwọn aṣòfin. Àwọn tí a dìbò yàn ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2023, ọdún 2027 ni sáà wọn ń parí. Aṣòfin àtijọ́ kan wà ládùúgbò wa tí kò lò ju sáà kan lọ. Nígbà yẹn, kí a tó ṣe sàlámà Àsùbáà, èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀, àgbò Iléyá ń wọlé lóríṣiríṣi. Àwa la wé láwàní Bàbá Àdínì fún un, ẹnikẹ́ni nínú wa ò bi í níbi tí owó kápẹ́ẹ̀tì tó tẹ́ fún wa ti wá. Ẹ̀ṣẹ̀ wa nìyẹn, a ó jíhìn rẹ̀! Lónìí ó ti jókòó sílé bàbá rẹ̀ lóòótọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé àgbò lọ síbẹ̀ mọ́.

Mi ò fẹ̀sùn kàn án, Ọlọ́hun ló mọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ jẹun rẹ̀, ẹ lọ kí i lẹ́yìn ìrun òní, ẹ má lọ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ bá a sọ ọ́ ní ìdákọ́ńkọ́ pé tó bá mọ̀ pé ohun ìlú kan ṣì wà lọ́wọ́ òun, kó dá a padà nísinsìnyí tó ṣì ṣe é fi ọwọ́ gbé.