Ẹ̀rọ Fọ Ẹ̀jẹ̀ Tán, Họ́mọ̀nù Ńkọ́?

Ẹ kú ìjókòó o. Bí kíndìnrín bá daṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀rọ ni yóò máa yọ ìdọ̀tí àti omi kúrò lára: wákàtí 4, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a. Ṣùgbọ́n kíndìnrín tún ń ṣe họ́mọ̀nù, oje tí ara fi ń ránṣẹ́ láti ibì kan sí ibòmíràn. Ẹ̀rọ ò mọ ìyẹn ṣe.

Erythropoietin ni àkọ́kọ́. Òun ló ń pàṣẹ fún mùdùnmúdùn inú egungun pé kó ṣe ẹ̀jẹ̀. Tí kò bá tó, àárẹ̀ dé. Ìdí abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń kọ fún yín nìyẹn. Inú fíríìjì ló ń gbé, ìwọ̀n 2 sí 8 lórí Sẹ́síọ̀sì. Kò gbọdọ̀ dì, ẹ má sì mì ín. Ẹni tó bá rà á ní Kútọ̀ l'Abẹ́òkúta, tó ń gbé e lọ sí Ìdí-Àbà nínú oòrùn, kó gbé kúlà dání, kí yìnyín má kan ìgò. Bí irin inú ẹ̀jẹ̀ bá sì lọ sílẹ̀, abẹ́rẹ́ ọ̀hún ò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ti egungun ló lọ́jú pọ̀ jù. Fífọ ẹ̀ẹ̀kan ń yọ fọ́síféètì, èròjà kan tó ń bá oúnjẹ wọlé, bíi mílígíráàmù 800. Oúnjẹ ọjọ́ kan lè ní 1,000. Ẹ ṣírò ọ̀sẹ̀ kan wò. Fọ́síféètì ń pọ̀, fítámì D tí kíndìnrín máa ń jí ò jí mọ́, kálísíọ́mù wá wálẹ̀. Nígbà náà ni kókó 4 tó wà lọ́rùn (parathyroid), tí ìkọ̀ọ̀kan ò ju horo ìrẹsì lọ, yóò máa tú họ́mọ̀nù PTH jáde, PTH á sì máa wa kálísíọ́mù nínú egungun. Egungun á máa ro, ara á máa yún, òpó ẹ̀jẹ̀ á máa le.

Láfún wa kọ́ lọ̀tá. Edé, ẹja gbígbẹ tí a ń rún teegun-teegun, ẹ̀gúsí, kólà dúdú ni kí ẹ ṣọ́. Òògùn kálísíọ́mù tó ń di fọ́síféètì mú, àárín oúnjẹ ni kí ẹ ti lò ó. Ẹni tó gbé e mì nígbà tó fẹ́ sùn kàn ń fi owó ṣòfò ni. Ẹ má lò ó pọ̀ mọ́ hóró irin.

Àwọn tó ń gún ínsúlínì: ara yín ò tètè lè palẹ̀ rẹ̀ mọ́ báyìí, ìwọ̀n àtijọ́ lè já ṣúgà yín wálẹ̀. Bí òógùn tútù bá bo yín, kúbù ṣúgà 4 ni, kì í ṣe omi ọsàn, nítorí pọtásíọ́mù inú rẹ̀.

Nǹkan oṣù tó dàrú, okun ọkùnrin tó rọ̀, họ́mọ̀nù lè wà lára ohun tó ń fà á. Dókítà ni kí ẹ sọ fún, kì í ṣe alágbo.

Ẹ̀jẹ̀ àyẹ̀wò fọ́síféètì, kí wọ́n gbà á kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn fífọ, á kéré fún wákàtí díẹ̀, á sì tàn yín jẹ.