Ẹ Gbé Apá Yín Sórí Tábìlì!

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ káàbọ̀. Ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rèé lọ́wọ́ mi. Mi ò ní kọ́ yín bí ẹ ṣe máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀, ẹ mọ ìyẹn. Apá yín ni mo bá wá. Ibo lẹ máa ń gbé e sí?

Lọ́dún 2024, ìròyìn kan jáde láti Yunifásítì Johns Hopkins ní Baltimore, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Àwọn olùwádìí ibẹ̀ pe àgbàlagbà 133 jọ. Wọ́n wọ̀n ọ́n fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́nà mẹ́ta: apá lórí tábìlì, apá lórí itan, àti kí apá kàn rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Èèyàn kan náà ni o! Ibi tí apá wà nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n rí. Apá orí itan fi bíi 4 kún nọ́ńbà òkè, ìyẹn èyí tó tóbi jù nínú méjì tí ẹ̀rọ máa ń gbé jáde. Èyí tó rọ̀ sílẹ̀ fi bíi 6.5 kún un. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ 136, ẹ̀rọ lè pè é ní 142. Bẹ́ẹ̀, 140 ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ṣe ààlà tí wọ́n fi ń sọ pé ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru!

Kí ló fà á? Àfiwé tí mo fẹ́ràn jù rèé. Ẹ wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ní tánkì lókè. Ẹ ṣí ẹ̀rọ omi yàrá òkè, á máa sun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá ṣí ti ìsàlẹ̀: fàà! Á ta sí yín lára. Tánkì kan náà, omi kan náà, àmọ́ omi tó wúwo lórí ẹ̀rọ ìsàlẹ̀ ju ti òkè lọ. Ọkàn yín ni tánkì, apá yín ni ẹ̀rọ omi. Bí apá bá wà nísàlẹ̀ ọkàn, ìwúwo ẹ̀jẹ̀ á kún nọ́ńbà yín.

Màmá mi ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa ká mi lára. Wọ́n wọ̀n ọ́n fún wọn ní ilé kẹ́míìsì kan, lórí ìdúró, tí apá wọn ń fì. Nọ́ńbà tó jáde dá jìnnìjìnnì bò wọ́n, wọn ò fojú kan oorun mọ́jú. Mo délé lọ́jọ́ kejì, mo ní kí wọ́n jókòó sinmi, mo gbé apá wọn lé ìrọ̀rí. Ó wálẹ̀! Kò wálẹ̀ débi tí wọn ò fi ní lo oògùn, àmọ́ ó wálẹ̀ ju èyí tó lé oorun lójú wọn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ẹ lọ tọ̀ ná. Ẹ fẹ̀yìn ti àga, ẹ fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Ẹ má di bẹ́líìtì ẹ̀rọ lé aṣọ lórí. Ẹ má sọ̀rọ̀! Àlejò tó bá wọlé á dúró.

Wàyí o, apá. Ẹ GBÉ E SÓRÍ TÁBÌLÌ! Gbogbo rẹ̀, kì í ṣe ọrùn ọwọ́ nìkan. Bẹ́líìtì yẹn gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú àárín àyà. Tábìlì kúrú? Ẹ wá ìrọ̀rí. Kò sí ìrọ̀rí? Ẹ ká aṣọ. Ẹ má sì nà án sókè fúnra yín, torí iṣan tó ń ṣiṣẹ́ náà máa ń gbé nọ́ńbà sókè. Ẹ jẹ́ kí tábìlì bá yín gbé e.

Tí wọ́n bá fẹ́ wọ̀n ọ́n fún yín lórí ìdúró ńkọ́? Ẹ sọ̀rọ̀! "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jẹ́ n jókòó, kí n gbé apá lé nǹkan." Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ò ní bínú.

Ẹ má sì tìtorí fídíò yìí ju oògùn dànù o! Ẹ má ṣe é! Nọ́ńbà tí ẹ bá kọ sílẹ̀, dókítà yín ni kẹ́ ẹ gbé e lọ bá.

Ẹ̀rọ ti fún apá yín tán? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má tíì tú u, ẹ̀ẹ̀mejì la máa wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ìṣẹ́jú kan. Apá ṣì wà lórí tábìlì? Ó dáa. Ẹ tẹ̀ ẹ́.