Ibi tí Àwọn Ẹyẹ Yúróòpù Ń Wá Oúnjẹ Lọ Nígbà Òtútù

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níkàlẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ìlú Àkúrẹ́, mo kí yín. Nígbà tí ọyẹ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ bọ̀ láti òkè Ọya, tí ewé ń gbẹ, tí ètè sì ń là, ni àwọn àlejò kan máa ń gba ojú ọ̀run wọ ilẹ̀ wa. Lára wọn ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ilẹ̀ Yúróòpù, ẹyẹ tí ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bí 20 gíráàmù lọ, tó sì ti la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá kó tó dé. Èyí tí ń fi amọ̀ kọ́lé sábẹ́ òrùlé wa jẹ́ ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí. Òkè òkun ni àlejò náà ń yé ẹyin sí.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé òtútù ló ń lé e wá. Èmi gbà pé ebi ni. Àwọn ẹyẹ tó ń jẹ hóró wà ní Yúróòpù tí wọ́n ń fara da yìnyín títí ooru yóò fi dé, nítorí pé ìyẹ́ wọn bò wọ́n lára, oúnjẹ wọn kò sì tán. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń fò ni alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ń jẹ, bí òtútù bá sì ti gbá àwọn yẹn wọlẹ̀, kò sí ohun tí yóò jẹ mọ́.

Ibi tí àwọn ẹyẹ yìí ń lọ nígbà òtútù rú àwọn amòye lójú fún ìgbà pípẹ́. Aristotle ará Gíríìsì kọ ọ́ pé inú ihò ni àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ń fara pamọ́ sí. Lọ́dún 1822, wọ́n pa ẹyẹ funfun ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kan, white stork, nítòsí Klütz ní Jámánì. Ọ̀kọ̀ tí wọ́n fi igi Áfíríkà gbẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, tó gbé e fò délé. Òkú ẹyẹ náà wà ní Yunifásítì Rostock títí dòní. Lọ́dún 1911 ẹ̀wẹ̀, wọ́n fi òrùka ìdánimọ̀ sẹ́sẹ̀ alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kan ní Staffordshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oṣù Kejìlá ọdún 1912 ni wọ́n rí i ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà.

Lékeléke tiwa náà ń rìn, lórí ilẹ̀ wa níbí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń pọ̀ lẹ́yìn màlúù níhà ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn ọmọdé ń na ìka sí wọn fún funfun èékánná; bí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn á gba òkè Ọya lọ láti lọ yé ẹyin kí wọ́n sì pamọ.

Ní Ebbaken, ní ìpínlẹ̀ Cross River, àwọn alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tí wọ́n fojú bù sí mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ń ya wọ inú eèsún orí òkè nírọ̀lẹ́ láti sùn. Àwọn ará ibẹ̀ a máa fi àtè sára imọ̀ ọ̀pẹ láti fi mú wọn jẹ. Èmi kò lè bá ẹni tó ń wá ẹran fọ́mọ rẹ̀ jà, ṣùgbọ́n ó dùn mí, nítorí pé ẹyẹ tó bá kú síbẹ̀ kò ní padà lọ pamọ mọ́. Bí oṣù Kejì bá sì ti wọlé ni wọ́n ń múra àtilọ, tí wọ́n ń jẹun kí ọ̀rá lè kún ara wọn, torí pé oúnjẹ ṣọ̀wọ́n ní Sàhárà. Àsìkò yẹn gan-an ni a ń dáná sun igbó. Mo bẹ̀ yín, ẹ wo inú eèsún nírọ̀lẹ́ kí ẹ tó ṣáná sí i.