Asofẹ́yẹjẹ: gbòǹgbò tó ń mú wèrè sùn

Ẹ wo gbòǹgbò tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ọjà Bódè n'Íbàdàn níbí ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ìyá eléwé ọmọ kan. Ẹ jẹ́ n họ èèpo rẹ̀ díẹ̀, kí n fi kan ahọ́n. Háà! Ó korò bíi jogbo. Ẹ̀yin ẹ má dán an wò nílé o.

Asofẹ́yẹjẹ nìyí. Inú igbó àti oko tí wọ́n ti pa tì ló ti ń lalẹ̀ hù. Ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló máa ń yí ẹ̀ka po lójú kan náà. Tí ẹ bá já a, oje funfun á jáde. Bí èso rẹ̀ bá pọ́n, ẹyẹ ló ni ín, orúkọ rẹ̀ kúkú ti sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní Rauvolfia vomitoria. Ọ̀rọ̀ èébì ló wà nínú vomitoria yẹn, ẹni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kò parọ́.

Àwọn baba wa a máa fi wo wèrè. Ẹni tó ń fa aṣọ ya, tó ń bá afẹ́fẹ́ jà, wọ́n á fún un lágbo rẹ̀, ara á rọ̀ ọ́, á sùn. Raymond Prince, dókítà ọpọlọ ará Kánádà, kọ̀wé lórí ìtọ́jú yìí ní 1960.

Kí ló wà nínú rẹ̀? Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní reserpine ni. Ní 1952, ilé-iṣẹ́ apoògùn Ciba ní Switzerland yọ ọ́ jáde lára ìbátan asofẹ́yẹjẹ tó wà ní Íńdíà. Tiwa náà ní in dáadáa.

Ẹ fojú inú wo ìsọ̀ elélùbọ́ ní Bódìjà. Bí iṣan ọpọlọ ṣe rí nìyẹn: àwọn àpò kéékèèké wà níbẹ̀ tó ń kó èròjà tí iṣan fi ń ránṣẹ́ síra wọn. Reserpine á dí ẹnu àpò. Èròjà tó kù síta á bàjẹ́, àpò á ṣófo. Nínú ọpọlọ, ariwo á lọ sílẹ̀. Lára òpó ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹni tí yóò máa fún un pọ̀ mọ́, ẹ̀jẹ̀ ríru á wálẹ̀. Ìdí nìyí tí gbòǹgbò kan ṣoṣo fi ń wo àìsàn méjì tó jọ pé wọn ò bára tan.

Ṣùgbọ́n àpò tó ṣófo kì í tètè kún. Ó lè gba ọ̀pọ̀ ọjọ́. Imú á dí, ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́, ìbànújẹ́ lè bo èèyàn mọ́lẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì reserpine kì í ju ìdá kan nínú mẹ́rin mílígíráàmù kan lọ lọ́pọ̀ ìgbà. Ta ló lè wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo?

Kí ìyá tó tà á fún mi tó gbowó, ó bi mí pé, “Ṣé ẹni tó fẹ́ mu ún ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti ọsibítù?” Mo ní rárá mà, fídíò ni mo fẹ́ fi ṣe.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọmọ mi. Fídíò kì í bì.”