Ọ̀kadà Tí Ogun Bí

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé àti ẹ̀yin ará ìdálẹ̀. Èmi nìkan ni mo wà nídìí ẹ̀rọ lónìí, mi ò gbàlejò. Ọ̀rọ̀ Sierra Leone ti wà lọ́kàn mi tipẹ́, mo sì fẹ́ sọ ọ́ síta.

Ìyá kan wà ládùúgbò wa ní Peckham, ní London níbí, ará Freetown, olú ìlú Sierra Leone, ni. Mọ́mì ni gbogbo wa ń pè é. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé, ó ní kí n wá jẹun nílé òun, pé àwọn ń ṣe "awujoh" fún bàbá òun tó ti kú. Àwùjọ! Lọ́jọ́ mìíràn, ọmọ àbúrò rẹ̀ bímọ, ó ní wọ́n fẹ́ ṣe "komojade". Mo ní, "Mọ́mì, àbí Yorùbá ni yín ni?" Ó ní, "Aku ni wá." Àwọn èèyàn wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú òkun, tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ sí Freetown, wà lára àwọn baba ńlá wọn. Àjàyí Crowther náà bá ọ̀nà yẹn dé ibẹ̀. Nítorí náà, tí mo bá ń sọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn, bí ẹni ń sọ̀rọ̀ mọ̀lẹ́bí ni.

Àbúrò bàbá mi kan sì jẹ́ sójà. Ó wà lára àwọn ọmọ Nàìjíríà tó bá ECOMOG, ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà tó ń pẹ̀tù sógun, lọ, ó sì wà ní Freetown lọ́jọ́ 6 oṣù kìíní ọdún 1999, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ ya wọ ìlú. Nílé, ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ nípa ọjọ́ yẹn: "Ọmọdé ni wọ́n. Ọmọdé ló gbé ìbọn." Lẹ́yìn náà á dákẹ́.

Oṣù kẹta ọdún 1991 ni ogun yẹn bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn ọlọ̀tẹ̀ RUF ti Foday Sankoh gba Liberia wọ agbègbè Kailahun. Oṣù kìíní ọdún 2002 ni Ààrẹ Kabbah tó kéde pé, "War don don," ogun ti tán. Ọ̀pọ̀ nínú wa gbọ́ pé dáyámọ́ńdì agbègbè Kono ló fà á. Lóòótọ́, dáyámọ́ńdì ra ìbọn, ó ra ọta. Ṣùgbọ́n kí ló kó ọ̀dọ́ wọ igbó? Ní 1972, láyé Ààrẹ Siaka Stevens, wọ́n tú ìjọba ìbílẹ̀ ká, gbogbo àṣẹ bá di ti Freetown. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni wọ́n ká rélùwéè nílẹ̀, èyí tó ń ti Freetown gba Bo àti Kenema kọjá, tó fi dé Pendembu. Ibo ni Pendembu wà? Kailahun ni. Mi ò ní rélùwéè ló dá ogun sílẹ̀ o. Àmọ́ tí mo bá wo àwòrán ilẹ̀ náà, ojú mi kì í kúrò níbẹ̀: agbègbè tí ìjọba já ojú irin rẹ̀, ibẹ̀ ni ogun gbà wọlé. Ìgbìmọ̀ tó wádìí òtítọ́ lẹ́yìn ogun náà sọ ọ́ ní 2004 pé ìwà ìbàjẹ́ àti bí wọ́n ṣe pa ọ̀dọ́ tì wà lára ohun tó bí ogun.

Ó dáa, ogun tán. Ó lé ní 72,000 èèyàn tó gbé ìbọn sílẹ̀. Kí ni wọ́n fẹ́ máa ṣe jẹun? Wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ káfíńtà, télọ̀, mẹkáníìkì, ní oṣù mélòó kan, wọ́n sì kó irinṣẹ́ fún wọn. Nílùú tí ilé ti jó, tí kò sówó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ta ló fẹ́ rán ṣòkòtò tuntun? Ọ̀pọ̀ wọn ta irinṣẹ́ náà.

Alùpùpù ló gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là. Mọ́tò ti jóná, títì ti bàjẹ́, ọ̀nà ẹsẹ̀ nìkan ló kù dé abúlé mìíràn. Ní Bo, Kenema àti Makeni, àwọn ọmọ tó gbé ìbọn lánàá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò. Wọ́n ń pè é ní ọ̀kadà. Ọ̀dọ̀ wa ni orúkọ náà ti lọ, láti ara ọkọ̀ òfurufú Okada Air, tó jẹ́ orúkọ ìlú kan ní Ẹdó. Wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ọmọ RUF àtijọ́ àti Kamajor, ọdẹ ìbílẹ̀ tó bá a jà nínú igbó, jọ ń san owó ẹgbẹ́ kan náà. Kò sí àjọ àgbáyé kankan tó bá wọn ronú èyí.

Mo tẹ̀lé Mọ́mì lọ ní 2013. Nígbà yẹn, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ọrọ̀ ajé wọn ń fò sókè, ó fi nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 dàgbà lọ́dún yẹn, nítorí irin tí wọ́n ń wà jáde. Ní Bo, mo gun ọ̀kadà ọ̀gbẹ́ni kan. Nígbà tí a dúró ra omi, ó ní ọmọ ọdún mọ́kànlá lòun nígbà tí wọ́n jí òun gbé. Kò sọ ohun tó ṣe, mi ò sì bi í. Ó sọ pé òun ti gbé aboyún mẹ́ta dé ilé ìwòsàn, pé ọ̀kan bímọ sójú ọ̀nà. Mo bi í bóyá owó irin yẹn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀nà eléruku tó wà níwájú wa.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Ẹ̀bólà dé, ó pa nǹkan bí 4,000 èèyàn níbẹ̀. Owó irin já lulẹ̀ lọ́jà àgbáyé, nígbà tó fi di 2015 ọrọ̀ ajé tí wọ́n ní ó ń fò ti ṣubú padà. Ohun tí ò wó lulẹ̀ ni àwọn ohun kéékèèké: ìjọba ìbílẹ̀ tó padà wá ní 2004, ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún aboyún àti ọmọdé láti 2010, ilé ìwé ọ̀fẹ́ láti 2018. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní 2013 ní obìnrin 1,165 ló ń kú nínú ìbímọ 100,000. Nígbà tó di 2019, ó ti di 717. Ó ṣì pọ̀ jù, ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n èyí ni mo máa ń pè ní ìdàgbàsókè.

Ẹ̀rù tó wà lọ́kàn mi báyìí ni kush, oògùn olóró tí ìjọba kéde ní 2024 pé ó ti di ọ̀rọ̀ pàjáwìrì. Àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ogun ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń fà á.

Ọ̀gbẹ́ni Bo yẹn ṣì máa ń fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní òun ti fẹ́ ta ọ̀kadà, òun fẹ́ ra "kekeh". Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, kẹ̀kẹ́ Márúwá nìyẹn, ọ̀rọ̀ tiwa ni." Ó rẹ́rìn-ín títí. Ó ní ọmọ òun obìnrin ti wọ ilé ìwé girama, ó ní ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ ni òun á máa gbé e sí tí òjò bá ń rọ̀.