Erin Ojú Ọ̀run: Ṣé Ọkọ̀ Òfúrufú Ràgàjì Ń Mówó Wọlé?

Ọ̀sán Sátidé kan ni mo sọ ọ̀rọ̀ yìí, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Àwọn oníṣòwò Balógun àti Ìdúmọ̀tà ló pọ̀ jù níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ mélòó kan náà wà, àwọn ọmọ yunifásítì sì jókòó sẹ́yìn, wọ́n ń tẹ fóònù. Wọ́n ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá. Mo yọ àwàdà mélòó kan kúrò, ìyókù rèé.

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Bàálù la fẹ́ sọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yà ní Obàléńdé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́njú mọ mólùè, ẹ rántí bó ṣe máa ń rí. Ẹ ti wọlé, ẹ ti jókòó, òógùn ti bo yín. Kọ́ńdọ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń pariwo, "Ó ku ẹnì kan! Ó ku ẹnì kan ṣoṣo!" bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀ ń rí àga mẹ́wàá tó ṣófo. Dáńfó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti kún, ó ti lọ. Kí mólùè tó gbéra, dáńfó yẹn ti lọ, ó ti bọ̀, ó tún ti ń kún lẹ́ẹ̀kejì. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ohun tí mólùè ná lórí èrò kọ̀ọ̀kan nígbà tó bá kún, ó dín sí ti dáńfó. Ìwé ò parọ́. Ṣùgbọ́n ìwé kì í wọkọ̀.

Nídìí títa tíkẹ́ẹ̀tì ní pápákọ̀ òfúrufú Ìkẹjà ni mo ti lo ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì. Ohun tí mo wá sọ kò ju èyí lọ: ọkọ̀ ńlá dín iye tí ilé-iṣẹ́ ń ná lórí àga kọ̀ọ̀kan kù, ó sì fi kún iye tó ń ná lórí ìrìn-àjò kọ̀ọ̀kan. Ilé-iṣẹ́ tó bá fojú sí ti àkọ́kọ́ nìkan, gbèsè ló ń lọ rà.

Ọkọ̀ tó gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ni A380 tí Airbus ṣe. Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin: alájà méjì ni láti iwájú dé ẹ̀yìn, ẹ́ńjìnnì mẹ́rin ló ń gbé e, apá rẹ̀ láti ìkángun kan sí èkejì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 80 mítà. Epo tí ikùn rẹ̀ ń gbà tó 320,000 lítà. Ẹ mọ àwọn táńkà 33,000 lítà tó máa ń tò sí ọ̀nà Àpápá? Mẹ́wàá irú wọn ni ká kà. Òfin gbà á láyè láti gbé èrò 853, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 500 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń tò sínú rẹ̀, nítorí àwọn olówó tó ń sùn gbalaja níwájú ń gba àyè.

Singapore Airlines ló kọ́kọ́ fi gbé èrò, láti Singapore lọ sí Sydney, ní October 2007. Nígbà yẹn Airbus gbà pé láàárín 20 ọdún, ayé á nílò ọkọ̀ ńláńlá tó lé ní 1,200. Ní February 2019 wọ́n kéde pé àwọn ò ní ṣe é mọ́. Èyí tó kẹ́yìn jáde ní December 2021. Gbogbo rẹ̀ lápapọ̀: 251. Nínú 251 yìí, ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, Emirates ti Dubai, ló kó 123.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò ọjà ṣe é. Iye tí mo fẹ́ lò yìí, èmi ni mo dá a, kó lè rọrùn fún wa ni. Ká ní ọkọ̀ ńlá ń ná mílíọ̀nù 100 náírà láti lọ lẹ́ẹ̀kan, ó sì ní àga 500. Àga kan jẹ́ 200,000. Ọkọ̀ tó kéré sí i ń ná mílíọ̀nù 66, ó ní àga 300. Àga kan jẹ́ 220,000. Ti ọkọ̀ ńlá ló kéré jù, àbí? Ó dáa. Ẹ wá ní èrò 300 ló yọjú lọ́jọ́ náà. Ti ọkọ̀ kékeré ò yí padà, 220,000 náà ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ti ọkọ̀ ńlá ti di 333,000 ó lé. Kí ọkọ̀ ńlá tó bá kékeré dọ́gba, ó gbọ́dọ̀ rí èrò 455. Ẹ wo àwọn 155 tó wà láàárín yẹn, orí wọn ni gbogbo ìjà náà wà.

Nítorí pé àwọn 155 yẹn, ta ni wọ́n? Kì í ṣe ẹni tí ìpàdé ń dúró dè. Kì í ṣe ẹni tí àìsàn ń gbé lọ. Àwọn wọ̀nyẹn ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wọn, iye tí a bá sì pè ni wọ́n san. Ẹni tó kù ni ẹni tó máa lọ tó bá rọ̀ lọ́rùn, tó máa jókòó sílé tí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Kó tó wọkọ̀, o ní láti já owó wálẹ̀. Tó o bá sì já a wálẹ̀, àwọn tó fẹ́ san gọbọi tẹ́lẹ̀ á gbọ́, àwọn náà á dúró de ẹ̀dínwó. Ẹni tó ti ta aṣọ nílùú yìí rí mọ ohun tí mò ń wí: ọjọ́ tó o bá ti kígbe "gbà-á-lọ́pọ̀", oníbàárà rẹ àtijọ́ náà ò ní san iye àná mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Lóṣù December, àwọn tó ń bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn tí ẹ̀ ń pè ní IJGB, máa ń kún ọkọ̀ dẹ́nu. Ọkọ̀ kan náà tó gbé wọn wá ní láti padà lálẹ́ ọjọ́ náà. Màá ṣí kọ̀ǹpútà, màá rí àwòrán àga inú ọkọ̀: àga kan ní èrò, méjì ṣófo, ọ̀kan ní èrò, mẹ́ta ṣófo, bí eyín àgbàlagbà. Nígbà tó bá di ọ̀sẹ̀ kìíní January, ó yí padà. Gbogbo wọn fẹ́ padà lọ́jọ́ kan náà, bàbá kan a máa bẹ̀ mí lórí kàúńtà nítorí àga kan péré, ọkọ̀ tó ń bọ̀ wá sí Èkó ló wá ṣófo. Epo tí ọkọ̀ ń mu ò bìkítà. Àga òfìfo pàápàá wúwo. Bí ọkọ̀ bá ṣe tóbi tó ni òfìfo rẹ̀ ṣe máa ń náni tó.

Ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ò ní pẹ́. Láyé àtijọ́, òfin ò jẹ́ kí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì méjì jìnnà sí pápákọ̀ ju ìrìn 60 ìṣẹ́jú lọ, kó lè ríbi balẹ̀ tí ọ̀kan bá kú. Ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin, bíi Boeing 747, ló wá jẹ gàba lórí òkun. Nígbà tó di 1985 wọ́n sún un sí 120 ìṣẹ́jú, ní 1988 ó di 180. Láti ìgbà yẹn, ẹlẹ́ńjìnnì méjì ń dá òkun kọjá. Ẹ́ńjìnnì mẹ́rin wá di mẹ́rin láti tún ṣe, mẹ́rin láti bọ́. Boeing 787 ẹlẹ́ńjìnnì méjì dé ní 2011, A350 ti Airbus fúnra rẹ̀, ẹlẹ́ńjìnnì méjì náà, dé ní 2015. Ọmọ bíbí inú Airbus wà lára àwọn tó pa A380.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lọ sí Dubai àti Guangzhou, èyí kàn yín. Abẹ́ bàálù èrò ni ọ̀pọ̀ ẹrù yín ń gbà wá. Nínú A380, àjà méjì ni èrò jókòó sí, àpò gbogbo wọn sì ní láti wọ abẹ́ ọkọ̀ kan náà. Àyè tó kù fún ẹrù tí wọ́n ń gbowó lé kò tó nǹkan. Boeing 777-300ER tó gbé èrò tó kéré sí i ní ikùn tó dáa fún ẹrù, owó ẹrù yẹn ló sì ń gba ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí èrò bá tán. Ẹ kíyè sí i pé Emirates tó ní A380 jù láyé, 777 ló gbé wá nígbà tó padà sí Èkó ní October 2024.

Ó tún ku ọ̀rọ̀ tòkunbọ̀. Nílùú yìí, kò sẹ́ni tó ń ra mọ́tò láì ronú iye tí òun máa tà á. A380 fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní ọjà tòkunbọ̀ rárá. Èyí tó kọ́kọ́ gbé èrò ní 2007, ọdún 10 péré ló lò lọ́wọ́ Singapore Airlines. Nígbà tí wọ́n dá a padà fún àwọn tó yá wọn, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Wọ́n gbé e lọ sí Tarbes nílẹ̀ Faransé, wọ́n tú u palẹ̀, wọ́n ń ta á ní páàtì-páàtì bíi ti Ládípọ̀. 747 ní tirẹ̀ rí ọ̀nà gbà nítorí pé ó ń ṣí imú sókè kó ẹrù. Ẹrù náà ni èyí tó kẹ́yìn nínú 1,574 ń kó, Atlas Air, ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, ló gbà á ní January 2023. Airbus náà fẹ́ ṣe A380 akẹ́rù, FedEx àti UPS, àwọn ilé-iṣẹ́ akẹ́rù, sọ pé àwọn á rà á, ṣùgbọ́n wọ́n yọwọ́.

Ọmọkùnrin kan nawọ́ láti ẹ̀yìn: "Ẹ káàsán sà. Tí kò bá mówó wá, kí ló dé tí Emirates ra 123?"

Ìbéèrè tó dáa. Emirates kì í dúró de èrò tó ń lọ láti Dubai sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan. Ó ń kó ará Mumbai, ará Dhaka àti ará Sydney jọ sí ojú kan, ó wá dà wọ́n sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo. Heathrow, pápákọ̀ Lọ́ńdọ̀nù tó sì ń lọ, ojú ọ̀nà ìbalẹ̀ méjì péré ló ní, òfin ò sì jẹ́ kí ìgbéra àti ìbalẹ̀ ibẹ̀ kọjá 480,000 lọ́dún. Tí wọ́n bá fún ọ ní àyè ẹ̀ẹ̀kan, tí o ò lè rí ẹ̀ẹ̀kejì rà, ọkọ̀ tó tóbi jù ni wàá gbé lọ. Irú ibẹ̀ ò pọ̀ láyé. Èkó ò sí nínú wọn.

Lẹ́yìn Kòrónà, Lufthansa tó ti gbé A380 rẹ̀ pamọ́ tún gbé e jáde ní 2023. Èrò pọ̀, àwọn ọkọ̀ tuntun tí wọ́n ń retí pẹ́. Èmi ò rò pé ìyẹn yí ọ̀rọ̀ mi padà. Mọ́tò tó o ti ní nílẹ̀, epo àti àtúnṣe nìkan lò ń wá owó rẹ̀. Kò jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ lọ yáwó rà á.

Àlàájà kan tó jókòó níwájú wá ní, "Alàgbà, ọkọ̀ ràgàjì ló gbé mi lọ sí Mẹ́kà o, kò sì sí àga kan tó ṣófo."

Òótọ́ lẹ sọ, Àlàájà. Max Air àti Kabo láti Kánò ti fi 747 gbé àwọn arìnrìn-àjò Hájì fún ọdún púpọ̀, ó sì bá a mu. Kò sẹ́ni tó ń yan aago fún Hájì. Orúkọ yín ti wà níwèé, owó ti wọlé kí ọkọ̀ tó dé, kò sí "ó ku ẹnì kan". Wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ọkọ̀ máa padà lófìfo láti Jeddah, wọ́n ti ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn. Ìṣòro ni pé lẹ́yìn Hájì, ọkọ̀ náà ṣì ń jẹun. Ìdí rèé tó fi jẹ́ pé nígbà tí Air Peace bẹ̀rẹ̀ sí í fò láti Èkó lọ sí pápákọ̀ Gatwick ti Lọ́ńdọ̀nù ní March 2024, 777 ló gbé, kò wá 747 lọ.

Àlàájà rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ń lọ sí Dubai lóṣù tó ń bọ̀, àpò òun mẹ́rin ni. Mo ní tó bá jẹ́ 777 ló gbé wọn, àyè máa wà fún un. Ó ní owó àlékún ẹrù ńkọ́? Ìyẹn, mo ní kí ó bi àwọn tó wà ní kàúńtà, èmi ti fẹ̀yìn tì.