Ọdún Mọ́kànlá Nídìí Erlang

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin olùgbọ́ mi ní gbogbo ilẹ̀ òkèèrè tí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́ gbé yín dé. N kò pe àlejò kankan lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fẹ́ sọ, ìyẹn ọ̀rọ̀ iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun.

Bí àwa tí a ń kọ ètò kọ̀ǹpútà bá pàdé níbi kan, ìbéèrè tí a kọ́kọ́ máa ń bi ara wa ni pé, "Èdè wo lo fi ń ṣiṣẹ́?" Èdè tí a fi ń kọ ètò fún kọ̀ǹpútà ni à ń wí. Ẹnì kan á ní Python, ẹlòmíràn á ní Java, ọ̀rọ̀ á sì máa dùn lọ. Bí ó bá wá kàn mí, tí mo ní Erlang ni, ọ̀rọ̀ á dákẹ́ díẹ̀, lẹ́yìn náà ẹni tó bi mí á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ṣé wọ́n ṣì ń lo ìyẹn?" Wọ́n ṣì ń lò ó. Ọdún kọkànlá rè é tí mo ti ń fi í gbọ́ bùkátà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oṣù kan wà láàárín rẹ̀ tí oorun kò kún ojú mi dáadáa.

Èmi kọ́ ni mo yàn án. Iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń bá àwọn oníṣòwò fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sórí fóònù àwọn oníbàárà wọn ni ó gbà mí, kí n máa tún ojú ìwé wọn ṣe lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní oṣù kẹta tí mo débẹ̀, ọkùnrin tó ń tọ́jú apá tó ń gbé àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà, èyí tí wọ́n fi Erlang kọ, kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀gá wa bèèrè lọ́wọ́ gbogbo wa pé ta ni yóò gba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, olúkúlùkù sì tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ bí ẹni tí kò gbọ́. Èmi ni mo dé kẹ́yìn, èmi ni mo sì kéré jù, nítorí náà orí mi ni wọ́n gbé e lé. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni ọkùnrin náà fi kọ́ mi kí ó tó lọ.

Ọjọ́ kìn-ín-ní, ó ní kí n tẹ X = 5. Mo tẹ̀ ẹ́, ó gbà. Ó ní kí n tẹ X = 6. Ẹ̀rọ dá mi lóhùn pé "no match of right hand side value 6". Ọkùnrin náà ń rẹ́rìn-ín. Nínú èdè yìí, bí o bá ti pe nǹkan ní márùn-ún, márùn-ún náà ni yóò máa jẹ́ títí iṣẹ́ yẹn yóò fi parí. Àmì yẹn kì í ṣe àṣẹ pé kí ẹ̀rọ sọ X di mẹ́fà, ìbéèrè ni pé ṣé apá méjèèjì bára mu. Ọ̀rọ̀ àwọn àmì ìkọ̀wé tún tẹ̀lé e. Kómà ló ń ya ìgbésẹ̀ kan sí èkejì, sẹmikólọ̀n ló ń ya ọ̀nà kan sí ọ̀nà mìíràn, àmì ìdánudúró ló sì ń pa gbogbo rẹ̀ dé, tó fi jẹ́ pé bí o bá gbé ìlà tó wà nísàlẹ̀ pátápátá lọ sí àárín láìyí àmì ìparí rẹ̀ padà, kóòdù náà kò ní gbà. Mo sọ fún ara mi pé ẹni tó dá èdè yìí sílẹ̀ kò fẹ́ràn ènìyàn.

Àṣé tẹlifóònù ni wọ́n dá a fún. Ní ọdún 1986 ni Joe Armstrong bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí rẹ̀ ní yàrá ìwádìí iléeṣẹ́ Ericsson ní orílẹ̀-èdè Swídìn, Robert Virding àti Mike Williams sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Prolog, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni wọ́n fi kọ èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, ibẹ̀ ni àwọn kómà àti àmì ìdánudúró yẹn ti wá. Orúkọ rẹ̀ rán wa létí Agner Krarup Erlang, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Dẹ́nmárkì tó kú ní 1929, ẹni tó fi ìṣirò wá iye okùn tí ibùdó tẹlifóònù nílò kí àwọn tó ń pè má baà dúró pẹ́ jù. Ẹ̀rọ tó ń so ìpè pọ̀ kò gbọdọ̀ sinmi, ì báà jẹ́ òru, ì báà jẹ́ ìgbà tí wọ́n ń tún un ṣe lọ́wọ́. Àṣìṣe tó bá sì ṣẹlẹ̀ sí ìpè kan kò gbọdọ̀ já ìpè ẹlòmíràn. Ọgbọ́n tí wọ́n dá sí i ni pé kí ìpè kọ̀ọ̀kan ní òṣìṣẹ́ kékeré tirẹ̀ nínú ẹ̀rọ, èyí tí a ń pè ní process. Òṣìṣẹ́ yìí kì í fọwọ́ kan ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnìkejì rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ, wọ́n á fi í sínú àpótí lẹ́tà ara wọn. Bí ọ̀kan bá kọsẹ̀, òun nìkan ni yóò kú, alábòójútó, ìyẹn process mìíràn tó ń ṣọ́ ọ, yóò sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.

Èmi tí wọ́n ti kọ́ láti máa fi ọgbà yí gbogbo àṣìṣe ká kí ètò má baà dá dúró, mo wá bá ara mi lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ń sọ fún mi lójoojúmọ́ pé, "Jẹ́ kó kú." Ó pẹ́ kí n tó gbà.

Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́jọ tí ọkùnrin náà lọ, fóònù mi dún ní agogo méjì òru. Gbogbo ẹ̀rọ wa ti dákẹ́, kì í ṣe òṣìṣẹ́ kékeré kan, kì í ṣe mẹ́wàá, àti alábòójútó pàápàá ti bá wọn lọ. Ohun kan ṣoṣo tó kọ sílẹ̀ kí ó tó kú ni "no more index entries in atom_tab (max=1048576)". Atom ni orúkọ kúkurú tí Erlang máa ń lò fún àwọn ọ̀rọ̀ bíi ok àti error. Ó máa ń kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sínú tábìlì kan lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kì í sì í pa wọ́n rẹ́ mọ́ títí wọn yóò fi pa ẹ̀rọ náà. Èmi, nínú ìmọ́tótó tèmi, ti kọ ìlà kan tó ń sọ nọ́ńbà ìtọ́kasí gbogbo àtẹ̀jíṣẹ́ tó bá wọlé di atom, nítorí pé ó dára lójú mi bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ tuntun bá ń wọlé lójúmọ́, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ díẹ̀ ni tábìlì yẹn yóò fi kún dẹ́nu. Láàárín gbogbo àkókò yẹn, kò sí ìdánwò kan tó kùnà, kò sí oníbàárà kan tó ráhùn. Tábìlì náà ń kún ní tirẹ̀ ni.

Nígbà tí mo rí i, ìlà kan ṣoṣo náà ni mo yọ kúrò, mo fi nọ́ńbà náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà. Kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Wákàtí mẹ́ta tó ṣáájú rẹ̀ ni mi ò lè gbàgbé, tí mo ń tan ẹ̀rọ náà padà, tí mo sì ń ka ọ̀rọ̀ kan náà ní àkàtúnkà láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè jí kí n bi í.

Wọn kò lé mi. Ó yẹ kí n sọ òtítọ́ níhìn-ín: kì í ṣe àánú ni wọ́n fi dá mi sí, kì í sì í ṣe pé mo mọ iṣẹ́. Kò sí ẹni tí yóò rọ́pò mi nítòsí ni. Owó oṣù mi tilẹ̀ gòkè ní ìparí ọdún yẹn. Mo wá ń rìn bí akọni, mo rò pé èdè tí àwọn ènìyàn kò mọ̀ ni odi tí mo fi sá di, n kò sì ronú pé ẹni tó ń sanwó fún odi náà lè rẹ̀ ẹ́.

Ó sì rẹ̀ wọ́n. Ọ̀gá tuntun kan dé, ìbéèrè tó kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Bí o bá ṣàìsàn ńkọ́?" N kò ní èsì. Wọ́n pinnu pé wọn yóò tún gbogbo rẹ̀ kọ ní èdè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀. Fún oṣù méje ni mo fi ń jókòó ti àwọn tó ń tún un kọ, tí mo ń ṣàlàyé ìdí tí a fi ń ṣe èyí báyìí àti tọ̀hún bẹ́ẹ̀, mo ń kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe fa àga kúrò nídìí mi. Inú bí mi nígbà náà. Bí mo ṣe wá rí i lónìí, ọ̀gá náà kò jẹ̀bi, nítorí pé iléeṣẹ́ tó bí èdè náà gan-an ṣe irú rẹ̀ rí: ní 1998, apá kan nínú Ericsson fòfin de Erlang fún àwọn iṣẹ́ tuntun, wọn kò fẹ́ kí wọ́n so mọ́ èdè tí ó fẹ́ẹ̀ jẹ́ pé àwọn nìkan ni wọ́n ń lò ó. Ní òpin ọdún kan náà ni wọ́n tú kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, Armstrong àti àwọn kan sì kúrò lọ dá iléeṣẹ́ tiwọn tí wọ́n pè ní Bluetail sílẹ̀. Ó tún padà sí Ericsson ní 2004. Mo ka ìtàn yìí ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n gba káàdì ìwọlé lọ́wọ́ mi, ó sì tù mí nínú díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò san owó ilé.

Oṣù márùn-ún ni mo fi wá iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń lo Java náà ń wáṣẹ́ nígbà yẹn, ó kọ̀wé sí ibi tó lé ní ọgọ́ta, ìdáhùn mẹ́jọ ló rí. Èmi kọ mẹ́rin, nítorí pé mẹ́rin náà ló wà, mẹ́ta sì dá mi lóhùn. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níbi kejì mọ ẹni tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò níbi kìn-ín-ní; àwọn méjèèjì sì mọ ọkùnrin tó kọ́ mi ní X = 6. Bẹ́ẹ̀ ni agbo wa ṣe kéré tó. Bí o bá ba iṣẹ́ kan jẹ́ níhìn-ín, ìròyìn rẹ̀ á ti débi tí ò ń lọ kí o tó débẹ̀.

Àwọn ènìyàn máa ń fi ọ̀rọ̀ WhatsApp fi mí lọ́kàn balẹ̀. Lóòótọ́, nígbà tí Facebook ṣe àdéhùn ní 2014 láti fi bílíọ̀nù 19 dọ́là rà á, Erlang ni ó ń gbé iṣẹ́ náà, àwọn tó ń lò ó ju 400 mílíọ̀nù lọ, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí 32. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, àwọn tí kò pè mí rí bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè bí wọn yóò ṣe kọ́ ọ. Ohun tí kò hàn sí wọn ni pé nọ́ńbà tó ń dùn mọ́ wọn yẹn gan-an ni ìṣòro iṣẹ́ wa. Ẹni 32 ló ń ṣe é! Èdè tí ènìyàn díẹ̀ lè fi gbé ẹrù ogunlọ́gọ̀ kì í ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún ogunlọ́gọ̀, ètò tó bá sì ń jí ara rẹ̀ dìde fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n rántí ẹni tó kọ ọ́. Àwọn oníbàárà méjì tí mo ń bá tọ́jú ẹ̀rọ wọn ni mo ti pàdánù nítorí pé ọdún kan gbáko kọjá, kò sí ohun tó bàjẹ́.

Elixir, èdè kọ̀ǹpútà mìíràn, ni ó ṣàtúnṣe díẹ̀ sí i. José Valim, ọmọ Bràsíl, ló dá a sílẹ̀, ẹ̀dà 1.0 rẹ̀ jáde ní 2014, orí ẹ̀rọ Erlang kan náà tí a ń pè ní BEAM ni ó sì ń ṣiṣẹ́. Mo fojú di í fún nǹkan bí ọdún méjì, mo ní aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ fún àgbàlagbà. Ìdajì owó tó ń wọlé fún mi báyìí, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń lo Elixir ni ó ti ń wá. Kì í ṣe kóòdù ni wọ́n sábà ń ní kí n kọ. Wọ́n ti kọ kóòdù dáadáa, ó sì rẹwà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń lọ́ra, wọn kò mọ ìdí. Mo máa ń wọlé, mo máa ń béèrè iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú àpótí lẹ́tà òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo sì máa ń bá ọ̀kan nínú wọn tí ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ọ̀rọ̀ ti kó jọ níwájú rẹ̀, nítorí pé òun nìkan ni gbogbo àwọn yòókù ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá ti jókòó ní agogo méjì òru pẹ̀lú tábìlì tó kún á tètè mọ ibi tó yẹ kó wò. Ìyẹn ni mo ń tà, ó sì ti pẹ́ kí n tó mọ̀ pé òun ni.

Ní iléeṣẹ́ kan tí mo ń bá ṣiṣẹ́ báyìí, wọ́n fún mi ní ọmọkùnrin kan kí n kọ́, kí wọ́n má baà tún wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo. Èmi ni mo béèrè fún un, kí wọ́n tó bi mí pé bí mo bá ṣàìsàn ńkọ́. Ní ọjọ́ Ẹtì tó kọjá, ó fi ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí láti ilé rẹ̀, ó tẹ X = 5, ó tẹ X = 6, ó dákẹ́, ó wá bi mí pé kí ló ṣe ẹ̀rọ náà.

Mo ní kò sí ohun tó ṣe é. Ọjọ́ Ajé ni a ó bẹ̀rẹ̀ sẹmikólọ̀n.